Tí àìsàn kò bá gbóògùn mọ́: bí ẹ ṣe lè mú kí dókítà gbọ́ tẹnu aláìsàn yín

Bẹ́ẹ̀dì kẹrin, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ni ìyá náà wà. Àdìrẹ ni wọ́n ń tà n'Ítòkú kí àìsàn tó dá wọn wólẹ̀. Lọ́jọ́ tí èsì àyẹ̀wò dé, dókítà fọwọ́ pe ọmọ wọn ọkùnrin jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn méjèèjì sì sọ gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọmọ wọlé padà, ó ń fi tipátipá rẹ́rìn-ín. Ìyá ní, "Kí ni wọ́n wí?" Ó ní, "Wọ́n ní ara yín á yá, Màámi." Ìyá wò ó títí, wọ́n wá kọjú sí ògiri. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni wọ́n tún lò láyé. A gún wọn lábẹ́rẹ́, a fi rọ́bà sí wọn nímú, a gbé wọn lọ, a gbé wọn bọ̀. Nínú gbogbo wa, àti èmi nọ́ọ̀sì tí mò ń pààrọ̀ dírípù wọn, kò sẹ́ni tó bi wọ́n pé, "Màámi, kí lẹ̀yin ń fẹ́?"

Ọdún 31 ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì nílùú Abẹ́òkúta kí n tó fẹ̀yìn tì. Ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn kì í ṣe tuntun lọ́dọ̀ tiwa: Sacred Heart ní Láńtòrò ti wà láti 1895. Ara wa ti mọ́ abẹ́rẹ́, ó ti mọ́ iṣẹ́ abẹ. Ohun tí ẹnu wa kò tíì mọ̀ ni bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ nígbà tí abẹ́rẹ́ àti iṣẹ́ abẹ kò bá ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹ̀yin ẹbí tí irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ wà lọ́wọ́ yín ni mo kọ èyí fún. Bí àyè kò bá gbà yín láti ka gbogbo rẹ̀ lónìí, ẹ lọ ka ìgbésẹ̀ karùn-ún.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ gbèsè tí dókítà jẹ aláìsàn

Òfin kan wà tí wọ́n ń pè ní National Health Act, 2014 ni wọ́n fọwọ́ sí i. Abala 23 rẹ̀ ní kí ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn sọ fún un bí ara rẹ̀ ṣe rí, irú àyẹ̀wò àti ìtọ́jú tó wà, àǹfààní, ewu àti ìnáwó tó wà nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó sì gbọ́dọ̀ sọ fún un pé ó lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ ìtọ́jú, kó ṣàlàyé ohun tó lè tìdí kíkọ̀ náà yọ. Òfin náà ní èdè tó yé aláìsàn ni kí wọ́n fi sọ ọ́, ní ìwọ̀n bó ṣe mọ̀wé tó.

Ẹ kíyè sí i pé aláìsàn ni òfin dárúkọ, kò dárúkọ àkọ́bí. Nítorí náà, bí dókítà ní FMC Ìdí-Abà tàbí ní ilé ìwòsàn ìjọba tó wà n'Íjàyè bá ń sọ gẹ̀ẹ́sì lé bàbá àgbẹ̀ lórí, kì í ṣe àfojúdi láti sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ dókítà, ẹ bá wa fi Yorùbá sọ ọ́ kí Bàbá náà lè gbọ́." Bí dókítà kì í bá ṣe ọmọ Yorùbá, nọ́ọ̀sì ni kí ẹ ní kó túmọ̀ rẹ̀. Ẹ má fi ọmọ ṣe ògbufọ̀. Ọmọ á máa yọ èyí tó bá korò.

Àyè kan ṣoṣo ni òfin fi sílẹ̀ fún dókítà láti má sọ bí ara aláìsàn ṣe rí: tí ẹ̀rí tó rinlẹ̀ bá wà pé sísọ ọ́ kò ní ṣe aláìsàn lóore. Ẹ̀rù tó ń ba ọmọ kì í ṣe ẹ̀rí. Mo ti rí ọ̀pọ̀ ẹbí tó ń bẹ dókítà pé "ẹ má sọ fún wọn o, ẹ̀jẹ̀ wọn á ru," tó sì jẹ́ pé ẹni tí wọ́n ń fi í pamọ́ fún ti mọ̀ ṣáájú gbogbo wọn. Ta ni ara rẹ̀ ń gbẹ tí kò mọ̀?

Abala 26 òfin yìí kan náà fi àṣírí aláìsàn sí ìkáwọ́ aláìsàn. Ìyẹn ni pé ọ̀rọ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí mo kọ́kọ́ sọ yẹn, dókítà kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i láìjẹ́ pé ìyá fọwọ́ sí i. Abala 20 ní tirẹ̀ ní ilé ìwòsàn kankan kò gbọ́dọ̀ lé ẹni tó wà nínú ewu pàjáwìrì padà. Ẹni tó bá dán an wò lè san ₦100,000 tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn fún òru tí èémí bá fẹ́ há.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ bi aláìsàn bó ṣe fẹ́ gbọ́ ọ

Kí èsì tó dé ni kí ẹ ti bi í. Bí èsì bá ti dé tán, ojú yín á ti sọ ọ́ kí ẹnu yín tó là.

Ẹ wá ìgbà tí ìrora rọlẹ̀ díẹ̀, tí àwọn abánikẹ́dùn ti lọ. Ẹ jókòó, ẹ má dúró lé wọn lórí. Ẹ sọ pé, "Màámi, èsì àyẹ̀wò ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ṣé ẹ fẹ́ kí dókítà bá ẹ̀yin gan-an sọ ọ́, àbí Bọ̀dá Kúnlé ni kó bá sọ ọ́?" Àwọn kan á ní, "Ẹ bá Kúnlé sọ ọ́, ẹ má yọ mí lẹ́nu." Ìyẹn náà ìfẹ́ inú wọn ni, ẹ bọ̀wọ̀ fún un. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n tún un sọ lójú dókítà, kó lè mọ̀ pé ọ̀dọ̀ wọn ló ti wá.

Àwọn àgbà wa kì í sábà sọ̀rọ̀ ikú lójúkorojú. Bàbá á ní, "Ọjà ti ń tú o." Ìyá á ní, "Ó ti rẹ̀ mí, mo fẹ́ máa relé." Kí la máa ń ṣe? Gbogbo wa á figbe bọnu: "Ẹ má wí bẹ́ẹ̀! Ẹ ò ní í kú! Ẹ máa jẹun ọmọ!" Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́ sọ á sì pa dà sí ikùn. Ẹ̀bẹ̀ ni mo bẹ̀ yín, nígbà mìíràn tí ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ dákẹ́ díẹ̀, kí ẹ wá bi wọ́n pé, "Ilé wo lẹ ń wí, Bàbá?" Kí ẹ sì tún dákẹ́. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ọmọbìnrin kan bi bàbá rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Láàárín bí ìdá mẹ́rin wákàtí, bàbá ti sọ ibi tí rìsíìtì ilẹ̀ wà, wọ́n ti ní kí wọ́n pe àbúrò wọn tó wà ní Kùtọnu wá kí wọ́n lè parí ìjà ọjọ́ pípẹ́, wọ́n sì ti ní àwọn ò fẹ́ kú sábẹ́ iná mànàmáná funfun yìí, ìyẹ̀wù àwọn ní Ìbẹ̀rẹ̀kòdó làwọn fẹ́. Gbogbo ohun tí dókítà nílò láti mọ̀ ló wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ múra ìpàdé pẹ̀lú dókítà

Ẹ béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì àgbà ọjọ́ tí ọ̀gá dókítà fúnra rẹ̀ ń yí wọ́ọ̀dù ká. Àwọn dókítà kékeré ló máa ń wà lójoojúmọ́, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ gan-an, ṣùgbọ́n ọ̀gá ni ìpinnu wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ yan ẹnu kan. Kì í ṣe ọmọ tó lówó jù. Ẹni tó ń sùn lórí ẹní lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni kí ẹ yàn, òun ló mọ iye ìgbà tí wọ́n jí lóru. Ọmọ tó wà ní Kánádà lè gbọ́ ọ lórí WhatsApp, kó sì fowó ránṣẹ́, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí "ẹ ṣe gbogbo nǹkan, mo máa san án" tirẹ̀ bo ohùn ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì mọ́lẹ̀.

Ẹ kọ àwọn ìbéèrè yìí sílẹ̀ kí ẹ má baà gbàgbé wọn lójú ẹ̀wù funfun:

Àìsàn yìí, ṣé ó ṣì lè lọ, tàbí kó falẹ̀ nìkan ló kù? Oògùn tí ẹ fẹ́ fún wọn yìí, kí la ń retí pé ó máa ṣe: kó wò wọ́n sàn, kó fi ọjọ́ kún ọjọ́, àbí kó dín ìrora? Kí ló máa ṣẹlẹ̀ bí a kò bá lò ó? Èló ni yóò ná wa láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin? Ká ní ìyá yín ni, kí lẹ máa ṣe?

Ìbéèrè tó kẹ́yìn yẹn, ọ̀pọ̀ dókítà kì í fẹ́ dáhùn. Ẹ bi í síbẹ̀. Bó bá dákẹ́ kó tó fèsì, ẹ ti gbọ́ nǹkan.

Bó bá ní, "Ẹ ṣáà máa gbàdúrà," ẹ ṣe àmín, kí ẹ sì fi kún un pé, "À ń gbà á, dókítà. Láàárín oṣù méjì sí àkókò yìí, kí ni kí a máa retí?" Dókítà rere kò ní dá ọjọ́ ikú fún yín, kò sì yẹ kó dá a, àmọ́ ó lè sọ bóyá ọdún la ń sọ, bóyá oṣù ni, tàbí ọ̀sẹ̀. Ẹ̀tọ́ yín sì ni láti lọ fi èsì náà han dókítà mìíràn. Ẹni tó bá torí ìyẹn bínú, iṣẹ́ ló ń bí i nínú.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó máa ń dojú rú. Dókítà lè sọ fún yín pé "palliative" ló kù. Láti ìgbà kòrónà, ìrẹsì àti gààrí tí ìjọba ń pín ni gbogbo ayé mọ̀ sí palliative. Mo ti gbọ́ tí ọmọ aláìsàn kan bi dókítà pé ọjọ́ wo ni wọ́n máa pín in, ó sì bi í tọkàntọkàn. Ìtọ́jú tó ń dẹ ara aláìsàn lọ́rùn ni wọ́n ń wí: pípa ìrora, dídá èébì dúró, mímú kí èémí rọrùn, fífọkàn aláìsàn àti ti ẹbí balẹ̀. Ìtọ́jú gidi ni, àwọn dókítà kan sì wà tó jẹ́ iṣẹ́ wọn. UCH n'Íbàdàn ní ẹ̀ka tirẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olaitan Soyannwo, tí iṣẹ́ fífúnni loògùn oorun fún iṣẹ́ abẹ jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀, wà lára àwọn tó là á sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Bí ẹ bá ti gbọ́ pé kò sí ìwòsàn, ẹ ní kí dókítà kọ ìwé tó máa so yín pọ̀ mọ́ àwọn tó ń ṣe irú ìtọ́jú yìí. Ẹ má dúró di ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ mọ ohun tí ẹ fẹ́ pinnu lé lórí

"Ẹ ṣe gbogbo nǹkan" kì í ṣe ìpinnu, torí pé ẹ kò mọ ohun tó wà nínú "gbogbo nǹkan." Ẹ jẹ́ kí aláìsàn gbọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ọkàn bá dúró, ṣé kí wọ́n máa tẹ àyà? Lára àgbàlagbà tí jẹjẹrẹ ti jẹ eegun rẹ̀, egungun ìhà lè ṣẹ́ nínú títẹ̀ náà, bẹ́ẹ̀ kò sì ní lé jẹjẹrẹ lọ. Ṣé kí wọ́n fi ẹ̀rọ bá a mí? Ṣé kí wọ́n ki rọ́bà bọ imú rẹ̀ láti máa fún un lóúnjẹ? Ṣé kí wọ́n máa fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bí kíndìnrín bá kọṣẹ́? Ẹ̀jẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó tún fẹ́ padà sí wọ́ọ̀dù bí ara bá tún le, àbí ilé ni kí wọ́n ti tọ́jú rẹ̀?

Ọ̀kan lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, èkejì kó jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo tọ́jú ìyá kan tó ní kí wọ́n fún òun lẹ́jẹ̀ títí ìgbéyàwó ọmọ-ọmọ òun á fi kọjá, lẹ́yìn ìyẹn kí ẹnikẹ́ni má tún gún òun. A ṣe é bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rọ tó ń báni mí, ẹ ronú nípa rẹ̀ kí wọ́n tó so ó. Ó rọrùn kí a sọ pé kí wọ́n má so ó ju kí a ní kí wọ́n tú u lọ. Nígbà tí ó bá ti wà lára, ẹ̀rù òfin àti ẹ̀rù ẹbí á ti wọ̀ ọ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ jẹ́ kó wọ inú fáìlì

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló kọ́ mi ní èyí. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ló ṣe wọ́n. Wọ́n sọ fún mi lẹ́nu pé àwọn ò fẹ́ rọ́bà nímú, wọ́n sọ fún ìyàwó wọn, wọ́n sọ fún dókítà tó wà níbẹ̀ lọ́sàn-án. Ó gbọ́, ó mi orí. Kò kọ ọ́. Èmi, tí nọ́ọ̀sì jẹ́ iṣẹ́ mi, kò sọ pé kó kọ ọ́. Lóru, dókítà mìíràn gba iṣẹ́, ó rí ọkùnrin tí kò lè gbé nǹkan mì, ó sì ṣe ohun tí wọ́n kọ́ ọ. Nígbà tí mo dé láàárọ̀, wọ́n ti fi báńdéèjì so ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi mọ́ irin bẹ́ẹ̀dì kí wọ́n má baà fa rọ́bà yọ. N kò dá ọmọ yẹn lẹ́bi púpọ̀. Fáìlì ló kà, kò sì sí nǹkan kan nínú fáìlì.

Nítorí náà: bí aláìsàn bá ti sọ ohun tó fẹ́, ẹ ní kí dókítà kọ ọ́ sínú fáìlì lójú yín, pẹ̀lú ọjọ́ àti orúkọ rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kí aláìsàn ṣe ìwé tirẹ̀. Ìwé olójú kan tó. Orúkọ rẹ̀, ọjọ́, àìsàn tó ń ṣe é, ohun tó fẹ́, ohun tí kò fẹ́, ẹni tó fẹ́ kí dókítà pè bí kò bá lè sọ̀rọ̀ mọ́. Kó fọwọ́ sí i. Bí kò bá mọ̀wé, ẹ kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, ẹ kà á padà sí i létí ní Yorùbá, kó tẹ ìka sí i, kí ẹni tó kọ ọ́ sì kọ orúkọ ara rẹ̀ sísàlẹ̀ pé òun kà á fún un, ó sì yé e. Ẹlẹ́rìí méjì, tí ó dára kó má jẹ́ ẹni tó máa pín nínú ogún. Ẹ lè lọ búra sí i ní kóòtù bí ẹ bá fẹ́ kó lágbára sí i, àmọ́ ẹ má torí pé ẹ ò tíì rí lọ́yà kí ẹ má kọ ọ́.

Ṣé irú ìwé bẹ́ẹ̀ wúlò lójú òfin? Ẹ gbọ́ ẹjọ́ Dókítà Okonkwo. Ní 1991, obìnrin kan tó jẹ́ Ẹlẹ́rìí Jèhófà bímọ, àìsàn dé sí i, ó sì kọ̀ láti gba ẹ̀jẹ̀. Ó ti fọwọ́ sí káàdì kan tó sọ bẹ́ẹ̀. Dókítà bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó fi oògùn mìíràn tọ́jú rẹ̀, obìnrin náà sì kú. Ìgbìmọ̀ tó ń bá àwọn dókítà wí dá Okonkwo dúró lẹ́nu iṣẹ́ fún oṣù mẹ́fà. Kóòtù kòtẹ́milọ́rùn yí ìdájọ́ náà padà, nígbà tó sì di 2001, Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà fọwọ́ sí i pé dókítà kò jẹ̀bi: àgbàlagbà tí orí rẹ̀ pé lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ ìtọ́jú, dókítà kò sì lè fi tipá ṣe é fún un. Bí ọkàn dókítà kò bá gbé e, ó lè fi aláìsàn lé dókítà mìíràn lọ́wọ́. Kò gbọ́dọ̀ pa á tì lójú ọ̀nà.

Aláìsàn lè yí ọkàn padà nígbàkigbà, kódà ní ìṣẹ́jú tí wọ́n ń gbé e lọ. Ohun tó bá sọ kẹ́yìn tí orí rẹ̀ ṣì pé ni ọ̀rọ̀. Ẹ fa ìwé àtijọ́ ya, kí méjì má baà máa jà nínú fáìlì kan.

Ẹ̀dà mẹ́ta: ọ̀kan nínú fáìlì, ọ̀kan nínú ọ̀rá tí káàdì ilé ìwòsàn wà, ọ̀kan lórí fóònù ẹni tó ń sùn tì wọ́n.

Ti ọmọdé yàtọ̀. Òbí kò lè fi ìgbàgbọ́ tirẹ̀ kọ ìtọ́jú tó lè gba ọmọ là. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ bẹ́ẹ̀ ní 2019 nínú ẹjọ́ Esabunor, níbi tí wọ́n ti fi àṣẹ kóòtù fún ọmọ ọwọ́ lẹ́jẹ̀, ọmọ náà sì yè. Àmọ́ bí ọmọ bá wà tí kò sí ìtọ́jú tó lè gbà á là mọ́, kí òbí àti dókítà jọ jókòó, kí wọ́n sì bi ọmọ náà bó bá ti tó ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá mọ̀ bóyá ó fẹ́ relé.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ mọ ohun tí ẹ kò lè ní kí dókítà ṣe

Aláìsàn lè kọ ìtọ́jú. Kò lè ní kí dókítà pa òun. Òfin ọ̀daràn tí à ń lò níhìn-ín kò ka "ó bẹ̀ mí kí n ṣe é" sí àwíjàre, ẹni tó bá sì ran ẹlòmíràn lọ́wọ́ láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀ lè lọ sẹ́wọ̀n gbére. Òfin iṣẹ́ àwọn dókítà náà kò gbà á. Bí ìyá bá ní, "Ẹ fún mi lábẹ́rẹ́ kí n lọ," ẹ má bá wọn jà, ẹ má sì sáré lọ gbààwẹ̀. Ẹ bi wọ́n níbi tó ń dùn wọ́n. Lọ́pọ̀ ìgbà tí mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, ìrora tí ẹnikẹ́ni kò tọ́jú ló ń sọ ọ́, tàbí ìtìjú ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń nu ìgbẹ́ fún. Nígbà tí ìrora bá lọ, ọ̀rọ̀ náà sábà máa ń lọ.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ má gbà kí ìrora wà

Gbólóhùn kan wà tí mo kórìíra ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́: "Kò sí ohun tí a lè ṣe mọ́." Irọ́ ni. Bí ìwòsàn bá tán, iṣẹ́ dókítà kò tán, ìrora wà ńlẹ̀ tó yẹ kó tọ́jú. Bí dókítà bá sọ gbólóhùn yẹn fún yín, ẹ dá a lóhùn pé, "Ti ìrora ńkọ́, dókítà?"

Àwọn àgbà máa ń pa ìrora mọ́ra. Ẹ bi wọ́n, wọ́n á ní "ó ń sàn." Ẹ na ọwọ́ yín sílẹ̀ níwájú wọn: kò sí ìrora rárá, ẹ di ọwọ́ pọ̀, èyí tó le jù láyé, ìka márùn-ún. "Ìka mélòó, Bàbá?" Ẹni tó ń sọ pé ó ń sàn á yọ mẹ́rin. Bí wọn kò bá lè sọ̀rọ̀ mọ́, ẹ wo iwájú orí wọn nígbà tí ẹ bá ń yí wọn padà, bóyá ó ń hunjọ.

Fún ìrora tó le, mọ́fínì olómi ni oògùn tí a mọ̀. Ẹ̀rù rẹ̀ ń ba ẹbí, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń ba àwọn dókítà kan náà. Wọ́n ti rí ohun tí tramadol ń ṣe fún àwọn ọmọ ìta, wọ́n rántí pé ìjọba fòfin de omi ikọ́ tó ní codeine ní 2018, wọ́n wá rò pé Màámi á di ẹni tí oògùn ń darí. Ẹni tó ń lò ó nítorí ìrora, ní ìwọ̀n tí dókítà ń wò, yàtọ̀ sí ẹni tó ń wá ìgbádùn. Kò sì ń pa ènìyàn bí wọ́n bá wọ̀n ọ́n dáadáa. Ohun tó ń ṣe nìyí: ó lè mú kí wọ́n sùn púpọ̀ fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta àkọ́kọ́, ó lè ru èébì sókè, ó sì máa ń mú kí ìgbẹ́ le. Ti ìgbẹ́ yìí kì í lọ fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá kọ mọ́fínì fún yín, ẹ béèrè oògùn tó ń rọ ìgbẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an.

Orí aago ni kí ẹ ti máa fún wọn, sábà ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin, bí dókítà bá ṣe kọ ọ́. Kí oògùn dé kí ìrora tó dé. Bí ẹ bá ń dúró kí wọ́n kọ́kọ́ ké, ẹ̀yìn ni ẹ ó máa wà. Síríńjì tí kò lábẹ́rẹ́ ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n, ẹ má fi ṣíbí ìdáná ṣe é. Ṣíbí ilé kan kì í bá tẹlòmíràn dọ́gba. Ẹ béèrè iye tí ẹ lè fi kún un bí ìrora bá já lu wọ́n kí aago oògùn tó kàn tó lù. Kí igò náà wà nínú àpótí tí ẹ ń tì.

Bí wòlíì tàbí ààfáà bá sì ní kí ẹ da oògùn náà nù kí àdúrà lè gbà, ẹ jẹ́ kó gba àdúrà rẹ̀, kí igò wà níbi tó wà.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: bí wọ́n bá fẹ́ relé

Ẹ má sá lọ. Ìwé tí wọ́n ń ní kí ẹ fọwọ́ sí pé ẹ lọ lódì sí ìmọ̀ràn dókítà wà fún ẹni tó bá ń sá lọ. Ẹ sọ fún dókítà pé ilé ni aláìsàn fẹ́, kí ó sì bá yín ṣètò rẹ̀: oògùn tó tó, nọ́ńbà fóònù tí ẹ lè pè lóru, ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì máa wá tàbí tí ẹnìkan lè wá gba oògùn tuntun láìgbé aláìsàn dání. Bí ẹ bá tiẹ̀ ti fọwọ́ sí ìwé yẹn, kò dí yín lọ́nà láti padà wá.

Nílé, ẹ máa yí wọn padà ní wákàtí méjì-méjì kí ẹ̀yìn má baà dá egbò. Ẹ fi ìrọ̀rí sáàárín orúnkún. Ẹ má rọ wọ́n bí ọmọ ọwọ́. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń mú kí a máa da ògì sí wọn lẹ́nu, àmọ́ ẹni tí kò lè gbé e mì dáadáa, ẹ̀dọ̀fóró ni ògì náà ń lọ. Ebi kì í pa ara tó ń lọ bó ṣe ń pa tiwa. Ẹ̀gbọ́n mi, nígbà tí a yọ rọ́bà yẹn tí a gbé wọn wálé, ewédú ni wọ́n béèrè, láìsí làfún. Ìyàwó wọn fi orí ìka tọ́ ọ sí wọn ní ètè. Wọ́n lá a, wọ́n ní iyọ̀ rẹ̀ kò tó. Bí wọ́n ṣe ń wí nìyẹn ní ogójì ọdún tí wọ́n ti fẹ́ra. Lẹ́yìn ìyẹn, òwú tí a rẹ sínú omi mímọ́ la fi ń pa wọ́n ní ètè, díẹ̀díẹ̀, títí.

Bí ọjọ́ bá kù díẹ̀, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á máa tutù, èémí á máa dúró kó tó tún gbéra, ọ̀fun lè máa hó. Ariwo ọ̀fun yẹn ń dẹ́rù ba àwa tí à ń gbọ́ ọ ju aláìsàn lọ. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ dá wọn dùbúlẹ̀, ẹ pe nọ́ńbà tí dókítà fún yín yẹn. Ẹ máa bá wọn sọ̀rọ̀, ẹ kì wọ́n ní oríkì wọn. Ó ṣeé ṣe kí etí ṣì máa gbọ́.

Bí ọ̀rọ̀ bá di ìjà

Ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì àgbà ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ọ̀gá ilé ìwòsàn, pẹ̀lú lẹ́tà tó ní ọjọ́ àti àkókò. Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ máa ń ní ọ́fíìsì SERVICOM tó ń gba ẹ̀sùn. Bó bá jẹ́ ìwà dókítà fúnra rẹ̀, Medical and Dental Council of Nigeria l'Ábùjá ló ni í. Ẹ̀dà ìwé aláìsàn àti orúkọ ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru yẹn ni yóò gbè yín.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti lọ

Bí ó bá jẹ́ nílé ni wọ́n kú sí, ẹ pe dókítà tó mọ̀ wọ́n kó wá rí wọn, kó sì kọ ìwé ohun tó pa wọ́n. Bó bá jẹ́ ẹbí Mùsùlùmí ni yín, tí ìsìnkú máa jẹ́ ọjọ́ náà, ẹ ti bá dókítà sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ kí ẹ má baà máa wá a káàkiri. Ìwé náà lẹ máa mú lọ sí ọ́fíìsì National Population Commission láti forúkọ ikú sílẹ̀, ìwé ẹ̀rí ikú tí wọ́n bá fún yín níbẹ̀ ni báńkì máa béèrè.

Mọ́fínì tó bá ṣẹ́ kù nínú igò, ẹ má dà á sí gọ́tà, ẹ má sì fún aládùúgbò tí eegun ń dùn. Ẹ dá a padà sí ibi tí wọ́n ti ń fún wọn lóògùn nílé ìwòsàn, kí ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ dá a padà.